Ọmọ ibo ni ọ́? Ìfiwéra àwọn ewéko ọ̀ṣọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbin nǹkan síwájú ilé ní Òṣogbo

Àbúrò kan ládùúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ parí ilé rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò èṣí. Ó kùn ún, ó fi géètì sí i, ó wá ku ilẹ̀ pupa gbalasa tó wà láàárín géètì àti ìlẹ̀kùn. Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó. Mo fẹ́ gbin nǹkan tí ilé náà á fi jọ ilé." Mo ní irú èwo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó fi àwòrán ilé ẹnìkan hàn mí ní Lẹ́kí.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá olódòdó nìyẹn, létí títì, níbi tó to ewéko inú ọ̀rá dúdú sí láti etí gọ́tà títí dé ìdí máńgòrò. Ìyá náà kò tíì dárúkọ owó tó fi béèrè pé: "Oòrùn máa ń dé ibẹ̀? Ta ni yóò máa bomi rin ín? Ewúrẹ́ àdúgbò yín ń kọ́?" Àbúrò mi wo ojú mi. Kò ní ìdáhùn sí ìkankan.

Èmi máa ń fi ìbéèrè kan kún ti ìyá yìí: ọmọ ibo ni? Ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ a kọ́kọ́ wádìí ilé ọkọ, ewéko náà sì ní orílẹ̀ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n bí sábẹ́ igi ńlá nínú igbó kò ní gbádùn ibi tí oòrùn ti ń yan ilẹ̀ bí ẹni yan àgbàdo. Èyí tó wá láti ilẹ̀ gbígbẹ, bí o bá fi omi kẹ́ ẹ lójoojúmọ́, ewé lásán ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó bá mọ ìlú tí ewéko ti wá, àti ohun tí àwọn ará ìlú náà ń fi í ṣe, ti mọ ìdajì ìwà rẹ̀ kó tó yọwó lápò. Bí mo ṣe ń fi wọ́n wéra nìyí.

Pèrègún, yellow bush, íksórà: èwo ni ká fi sọgbà?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onílé. Pèrègún kò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan kó tó dé Òṣogbo. Igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti apá Ivory Coast lọ títí kan Mòsáńbíìkì. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà oko àti ilé, òun náà ló sábà máa ń dúró ti ojúbọ Ògún. Ìdí rẹ̀ kò ju pé kì í tètè kú. Gé ọ̀pá rẹ̀ kan, rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, ó di dandan kó rúwé. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì sọ gbogbo koríko di bíi bíríkì, ewé tirẹ̀ á ṣì tutù minimini, ẹni tó ń wá ààlà á rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Mélòó ni ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti fi "pèrègún tí bàbá mi gbìn" jẹ́rìí!

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé pèrègún yìí kan náà wà ní ọ́fíìsì àwọn Òyìnbó káàkiri ayé, nínú ìkòkò tó ń dán, tí wọ́n ń pè é ní igi àgbàdo nítorí ewé rẹ̀. Linnaeus, ará Sweden tó ṣètò orúkọ ewéko, ló fún un ní "fragrans" ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìyẹn èyí tó ń ta sánsán. Ọ̀pọ̀ wa tó bá a gbélé láti kékeré kò mọ̀ pé ó ń ta sánsán, nítorí alẹ́ ló ń tú òórùn rẹ̀. Tèmi tanná lọ́dún kan nígbà ọyẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní kà á sí: òdòdó kéékèèké tó dì mọ́ra bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́ okùn. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ìyàwó mi jáde wá, ó ní ta ló da lọ́fíńdà sílẹ̀. A tan iná fóònù sí i, gbogbo òdòdó náà ti là, omi bí oyin ń kán lára rẹ̀, èèrà sì ti tò lọ.

Yellow bush ni gbogbo olódòdó yóò kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí yín. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn, kò sì sí ìdí tí n ó fi wá òmíràn fún un. Ọmọ ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni, láti Mẹ́síkò lọ sísàlẹ̀ àti àwọn erékùṣù ibẹ̀. Orúkọ ìwé rẹ̀, Duranta, ni wọ́n fi ń rántí Castore Durante, oníṣègùn kan ní Róòmù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí wúrà nínú oòrùn. Lábẹ́ òjìji, àwọ̀ wúrà náà á ṣí kúrò, á di ewé tútù bí ewéko yòókù. Ó yá bí ìbínú, ó gba àtúngé, ẹ lè fi ṣe ògiri, ẹ lè fi kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba alágbàṣe nìyẹn o. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan péré, orí rẹ̀ á rí bí orí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bí ẹ bá sì jẹ́ kó dàgbà, á so èso róbótó aláwọ̀ ọsàn tó wu ọmọdé jẹ. Oró wà nínú èso yẹn. Ilé tí ọmọ ọdún méjì bá wà, gígé ni kí ẹ máa gé e kó má lè so.

Íksórà ló dọ́gbọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gúúsù Íńdíà àti Síríláńkà ló ti wá. Orúkọ rẹ̀ ti inú orúkọ òrìṣà wọn jáde, Iṣwara, èyí tí í ṣe oríkì Ṣiva, wọ́n sì ń fi òdòdó rẹ̀ bọ ọ́. Bí pèrègún ṣe jẹ́ sí Ògún níhìn-ín ni òun náà ṣe ní ibi tirẹ̀. Ẹni tó lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lápá ibí yóò rántí bí a ṣe máa ń fa okùn tín-ín-rín inú òdòdó rẹ̀ yọ, kí á fi ahọ́n lá ẹ̀kán omi dídùn tó wà nídìí rẹ̀, kí olùkọ́ tó yọjú.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ. Íksórà fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ilẹ̀ pupa wa sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé tuntun kì í ṣe ilẹ̀ pupa mọ́. Àjákù símẹ́ǹtì, ìyókù púláńtà àti iyanrìn ló kún ibẹ̀. Ẹfun tó wà nínú símẹ́ǹtì á mú ilẹ̀ kúrò ní kíkan, gbòǹgbò kò ní rí èròjà irin fà mọ́, ewé á wá pọ́n láàárín, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò kù ní tútù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé omi ló ń wá, á máa dà á sí i. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà kúrò dé orókún, ẹ kó ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà sí i, kí ẹ tó gbìn ín. Àbúrò mi ní òun kò lágbára láti tún ilẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìn gbogbo owó tóun ti ná. Íksórà bọ́ kúrò nìyẹn.

Bí ẹ bá bi mí: fún ẹni tí kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀, pèrègún. Fún ẹni tó fẹ́ kí ojú ilé mọ́ ṣáṣá bí orí agbárí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tó sì ní ẹni tí yóò máa gé e, yellow bush. Íksórà jẹ́ ti onísùúrù. Kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó tán, ó lè lò tó ogún ọdún láìfi nǹkan kan yọ yín lẹ́nu.

Bógánfílíà àti hàbísíkọ́ọ̀sì

Àwọn méjèèjì yìí ni obìnrin ilé máa ń fẹ́ nítorí àwọ̀. Ìwà wọn kò bára mu rárá.

Bógánfílíà, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìtàn tó ju ti ọ̀pọ̀ ọba lọ. Ní 1766 ni ọ̀gá àwọn atukọ̀ Faransé kan, Louis-Antoine de Bougainville, gbéra láti yí ayé ká. Onímọ̀ ewéko kan wà nínú ìrìn náà, Philibert Commerson, pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá a gbẹ́rù, tó ń bá a gun òkè, tó ń bá a já ewé. Wọ́n dé Rio de Janeiro ní 1767, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí igi ẹlẹ́gùn-ún yìí tí wọ́n fi sọrí ọ̀gá wọn. Ẹsẹ̀ ń dun Commerson nígbà náà, àwọn òpìtàn kan sì gbà pé ọwọ́ ẹni tó ń gbẹ́rù ló já a. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn kì í ṣe ọkùnrin. Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Ó fi aṣọ di àyà nítorí òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Nígbà tó fi padà dé ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1775, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó yí ayé po. Orúkọ ọ̀gá atukọ̀ ló wà lórí igi títí dòní. Ti obìnrin náà kò dé ara ewéko kankan títí di 2012, nígbà tí wọ́n fi sọ ẹ̀yà kan tó jẹ́ ìbátan ìgbá àti ọ̀dùnkún Òyìnbó.

Ohun tó ń pọ́n lára bógánfílíà kì í ṣe òdòdó. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ wo inú rẹ̀: ewé mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ bí tákàdá ló ń pọ́n, òdòdó gan-an ni ọ̀pá funfun kékeré tó dúró láàárín wọn. Ó fẹ́ ìyà díẹ̀. Oòrùn kíkún, omi díẹ̀, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá jù. Nígbà tí gbogbo igi bá ń sunkún ọyẹ́ ní oṣù kejìlá sí ìkejì, ìgbà yẹn gan-an ló ń ṣọdún. Èmi gbin tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ tí mi ò tíì gbọ́n, omi ń kán sí i tọ̀sán tòru. Ọdún méjì gbáko, ewé ló fún mi. Ẹ̀gún rẹ̀ sì wà níbẹ̀ o, kò gbàgbé ìyẹn. Ìgbà tí mo hú u lọ sẹ́nu géètì ló tó pọ́n.

Hàbísíkọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa kẹ́ òun. Orúkọ ìwé rẹ̀ ní "òdòdó Ṣáínà" ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí èyí tó dá hù nínú igbó níbì kankan. Ọwọ́ àwọn ará Éṣíà àti erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ló ti ń bọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní Bẹ́ńgálì, pupa rẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ Kali. Málésíà sọ ọ́ di òdòdó orílẹ̀-èdè wọn ní 1960. Níbí, ẹbí rẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa: ilá àti ìsápá ni ọmọ ìyá rẹ̀, òwú náà sì jẹ́ ìbátan. Ẹ gbé òdòdó ilá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ojú kan náà, ọ̀kan pọ́n, èkejì funfun ní ìyeyè. Àwa tí a ṣe bàólójì ní ìwé mẹ́wàá mọ inú rẹ̀ ju ọwọ́ ara wa lọ, nítorí òun ni wọ́n máa ń ní ká mú wá, ká là sí méjì, ká ya àwòrán rẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ni òdòdó kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń lò: á là láàárọ̀, á ká lálẹ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ewúrẹ́ Òkè-Baálẹ̀ fẹ́ràn bí ewé hàbísíkọ́ọ̀sì, àfi èèpo iṣu. Ẹ máa wo abẹ́ ewé rẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìdọ̀tí òwú, kòkòrò tó ń fa oje rẹ̀ mu ni. Ẹ fi omi ọṣẹ nù ún kó tó ràn.

Ká tò wọ́n síra wọn:

Oòrùn: bógánfílíà ń fẹ́ ẹ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, hàbísíkọ́ọ̀sì fara mọ́ òjìji ọ̀sán.
Omi: ti bógánfílíà kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó bá ti fìdí múlẹ̀; èkejì á rọ bí aṣọ tútù tí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta gbàgbé rẹ̀.
Ewúrẹ́: ẹ̀gún bógánfílíà ń bá yín ṣọ́ nǹkan díẹ̀, hàbísíkọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà tí géètì rẹ̀ ń tì.
Ọmọdé: ẹ̀gún yẹn náà ni mo tún ń rò.

Mo fẹ́ fi ẹnìkẹta kún àwọn méjì yìí, èyí tó lè gun igi tí ẹ bá rì mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olódòdó tó ń tà á: èlú. Òṣogbo ìlú aró ni wá, èlú sì ni ewé tí àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kó tó dé inú ìkòkò aró. Ewéko afàmọ́gi ni, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ já ọ̀dọ́ ewé rẹ̀, ẹ fọwọ́ rún un, ẹ gbé e kalẹ̀ kó gbẹ: àwọ̀ aró á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ìdílé aláró kan tí wọ́n jẹ́ kó gun ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn, kò sì sí òdòdó Lẹ́kí tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Igi tó ga: egúngún, pánṣẹ́kẹ́, akòko

Igi tí gbogbo ènìyàn ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri báyìí, tó ga gbọnrangandan tí ewé rẹ̀ ń ṣubú lé ara wọn wálẹ̀, ni wọ́n ń pè ní masquerade tree. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ní ojú inú. Ẹ wò ó nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, bí agọ̀ ṣe ń mì, àfi bíi pé atọ́kùn wà níwájú rẹ̀. Íńdíà àti Síríláńkà ni òun náà ti wá, ẹbí ṣawaṣọ́ọ̀pù sì ni, àti eèrù tí a ń fi sí àgbo. Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé kì í fẹ̀, nítorí náà ó gba ibi tóóró. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni àdán. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, àdán á gba ibẹ̀ lálẹ́, ariwo wọn á gbòde, wọ́n á sì fi kóró èso àti ìgbẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sára ọkọ̀ yín.

Pánṣẹ́kẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní flambóyántì, wá láti Madagásíkà. Ní àwọn ọdún 1820 ni onímọ̀ ewéko kan, Wenceslas Bojer, kọ ìwé nípa rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ olóoru gbogbo. Ní oṣù karùn-ún, tó bá pọ́n, ẹ kò ní rí ewé. Nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan, ewé òdòdó márùn-ún ló wà, ọ̀kan nínú wọn máa ń funfun, á ní tóótòòtó pupa lára bí ẹyẹ awó. A máa ń ya èèpo ìdí òdòdó náà, a ó fi lẹ èékánná bí ìyàwó.

Mo gbin ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí fẹ́ǹsì mi. Ẹni tó tà á fún mi ní kò séwu. Gbòǹgbò pánṣẹ́kẹ́ kì í wọlẹ̀ lọ jìnnà. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń nà, bí ejò ńlá tó sùn sábẹ́ koríko. Lọ́dún keje, ògiri là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Owó tí mo fi tún un ṣe lè ra ogún igi. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà tàbí kí ẹ máa lọ wò ó lójú títì.

Akòko ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, oyè ni ẹ fẹ́ fi wá jẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fi sórí olóyè lọ́jọ́ ìwúyè, ẹni tí wọ́n bá ti já akòko lé lórí, ó ti kúrò ní ẹgbẹ́ ará ilé. Òun nìkan ni ọmọ inú ìran rẹ̀ káàkiri ayé. Newbouldia laevis lórúkọ ìwé rẹ̀, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ó dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò tó fẹ́ pọ́n, bí ẹnu fèrè. Ẹ̀ká tí ẹ gé lọ́dọ̀ aládùúgbò náà ni yóò hù. Ó ga, kò fẹ̀, kì í pe àdán wá. Bí wọ́n bá ń tà á nínú ìkòkò seramíìkì pẹ̀lú orúkọ Ítálì, gbogbo Òṣogbo ni ì bá ti gbìn ín.

Inú ilé

Ìyá olódòdó ní ọ̀já ìkòokò, èyí tí Òyìnbó ń pè ní snake plant, "ń fọ afẹ́fẹ́." Kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ní 1989, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Wolverton ní NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ewéko inú ìkòkò sínú àpótí tí kò ní ihò, ó tú gáàsì búburú sí i, ó rí i pé ewéko fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Pèrègún àti ọ̀já ìkòokò wà lára wọn. Ṣùgbọ́n yàrá wa kì í ṣe àpótí. Ní 2019, àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní láti fi ewéko ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe, ó gba láti ìkòkò mẹ́wàá dé ẹgbẹ̀rún kan lórí mítà ilẹ̀ kan péré. Ẹ ṣí fèrèsé.

Síbẹ̀, ọ̀já ìkòokò ni kí ẹ gbé sínú ilé. Ọmọ wa ni, láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò. Okùn inú ewé rẹ̀ le débi pé wọ́n ń fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe ọsán ọrun nígbà ogun. Ọgbọ́n tó fi ń gba ẹ̀ẹ̀rùn là ni pé kì í ṣí ihò ìmí rẹ̀ lọ́sàn-án bí ewéko yòókù. Òru ló ń mí, kí oòrùn má bàa fa omi ara rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rin ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ padà wá bá a. Omi àpọ̀jù nìkan ló lè pa á. Pé ó ń lé ejò? Ejò kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dumb cane, ará Amẹ́ríkà tí ewé rẹ̀ ní àmì funfun, lẹ́wà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n oje rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kéékèèké tí ojú kò lè rí; ọmọ tó bá gé e jẹ, ahọ́n rẹ̀ á wú, ohùn lè gbé. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ tán.

Àbámodá ńkọ́? Gbogbo wa la rò pé tiwa ni, pẹ̀lú orúkọ tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ àti ipò rẹ̀ nídìí ìwúre. Madagásíkà ló ti wá, bíi pánṣẹ́kẹ́. Goethe, akéwì ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń fi ọmọ ewéko náà ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́. Ẹ gbé ewé kan sórí fèrèsé, ẹ má fi omi sí i: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, etí ewé náà á yọ ọmọ kéékèèké tó ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀bùn tí kò náni lówó, òun nìyẹn. Ẹ má gbìn ín sí ibi tí ẹran ti ń jẹ. Ó ní oró fún ẹran ọ̀sìn.

Èyí tí mi ò ní bá yín rà

Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń bo ẹ̀gbẹ́ títì Ìlobù àti Gbọ̀ngán ní ìparí òjò, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, Mẹ́síkò ló ti wá, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi mú un wọlé. Ta ló tún ń gbìn ín báyìí? Fúnra rẹ̀ ló ń gbin ara rẹ̀. Ó kéré tán, ó dára fún ajílẹ̀: ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀gẹ́. Èyí tó léfòó lórí omi, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, kò ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ odò Amásónì ni, ẹwà ló fi wọ adágún àwọn ènìyàn kiri ayé. Ní 1984 ló gba apá Badagry wọ Nàìjíríà, àwọn apẹja Èkó sì mọ ohun tí ojú wọn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ yín fún ìkòkò omi iwájú ilé, ẹ rántí pé odò Ọ̀ṣun kò jìnnà sí gọ́tà yín.

Àbúrò mi ra bógánfílíà méjì fún ẹnu géètì, ọ̀já ìkòokò kan fún pálọ̀, àti yellow bush mẹ́wàá tí mo ní kó má rà. Nípa ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo mú àdá, mo gé ọ̀pá pèrègún mẹ́fà fún un láti ara tèmi. Ó ní èló ni. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó pè mí pé ọ̀kan nínú wọn kò rúwé. Mo dé ibẹ̀, mo wò ó. Ó ti fi orí rẹ̀ bọlẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lókè. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Mo ní kó fà á tu, kó yí i padà.